Sátínì Ní Orí, Ó Ní Ẹsẹ̀

Bí ẹ bá bọ̀ mí lọ́wọ́ lónìí, ẹ óò rò pé mi ò ṣe iṣẹ́ kankan rí láyé mi. Àtẹ́lẹwọ́ mi rọ̀ bíi ti ìkókó. Àwọn ọmọge àdúgbò wa ní Ìkòsì máa ń bi mí pé, "Mummy, ìpara wo lẹ ń lò?" Ẹ̀rín ni mo fi ń dá wọn lóhùn. Ìpara kọ́ ló sọ ọ́ di rírọ̀. Ọṣẹ dúdú, kàn-ìn-kàn-ìn àti ẹnu ọ̀gá mi ni.

Nǹkan bí ogójì ọdún ni mo fi rán aṣọ, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ sì jẹ́ sátínì, débi pé Ìyá Sátínì ni wọ́n ń pè mí láti Kétu títí dé Ṣángíṣà. Ó ti di ọdún méjì báyìí tí mo ti gbé iṣẹ́ sílẹ̀. Ọmọ àbúrò mi kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní girama ló wá bá mi pé kí n sọ bí iṣẹ́ náà ṣe rí fún òun, kí òun tó pinnu bóyá òun óò kọ́ ọ. Mo ní ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ orí ìdúró. Kó jókòó. Ẹ̀yin náà tí ẹ ń wá iṣẹ́ tí ẹ óò fi ọjọ́ ayé yín ṣe, ẹ súnmọ́ ibí, ẹ jókòó.

Ọmọ Ìsẹ́yìn ni mí. Ahunṣọ ni bàbá mi; ìdí òfì ni wọ́n wà títí àìsàn fi gbé wọn ṣánlẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni mí nígbà tí wọ́n kú, tí màmá mi kó èmi àti àwọn àbúrò mi méjì wá sí Èkó. Yàrá kan la gbà ní Kétu. Màmá mi bẹ̀rẹ̀ sí í ta ata ní Mile 12, èmi ni mo sì ń bá wọn ṣa èyí tó ti rà kúrò lára èyí tó dára. Ẹni tó bá ti ṣa ata rodo rí mọ̀ pé ata kì í ṣe ọ̀rẹ́ ọwọ́. Ọwọ́ tèmi le bí èèpo igi, ó ń ta mí lójoojúmọ́.

Obìnrin kan wà tó máa ń ra ata lọ́wọ́ wa. Àǹtí Rísì ni wọ́n ń jẹ́, aránṣọ tí ṣọ́ọ̀bù wọn wà létí títì ní Kétu. Aṣọ ìyàwó àti gbogbo aṣọ tó bá ti ń dán ni wọ́n yàn láàyò. Obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n, wọn kì í pariwo, wọn kì í sì í rẹ́rìn-ín lásán. Lọ́jọ́ kan, wọ́n wò mí títí níbi tí mo ti ń ṣa ata, wọ́n ní, "Ìyá Àṣàkẹ́, ṣé ibi ata yìí ni ọmọ yín máa dàgbà sí ni?"

Màmá mi ní, "Àǹtí, ta ni yóò gbà á? Èyí tí a ó jẹ là ń wá, a ò tíì ní ti ìkọ́ṣẹ́."

"Ẹ ṣáà jẹ́ kó wá lọ́jọ́ Ajé."

Bí mo ṣe dé ìdí iṣẹ́ nìyẹn. Ohun tí a san àti èyí tí a ò san, ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀; kò sí nínú ohun tí mo ń rántí. Ohun tí mo ń rántí ni pé lọ́jọ́ Ajé náà, wọn ò fún mi ní abẹ́rẹ́, wọn ò fún mi ní ìjókòó. Wọ́n fa àgékù sátínì funfun kan yọ nínú àpò, wọ́n ní kí n na ọwọ́ méjèèjì. Wọ́n wá fa aṣọ náà kọjá lórí àtẹ́lẹwọ́ mi, díẹ̀díẹ̀. Ó ń dún ṣẹ́ẹ́rẹ́-ṣẹ́ẹ́rẹ́. Nígbà tí wọ́n gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀, òwú ara rẹ̀ ti fà káàkiri, àfi bí ẹni pé ológbò ló fi èékánná ya á.

"Ṣé o rí i?"

"Mo rí i, mà."

"Ọwọ́ rẹ ń jẹ aṣọ. Ọjọ́ tí kò bá jẹ aṣọ mọ́, ọjọ́ yẹn lo máa fọwọ́ kan sátínì ní ṣọ́ọ̀bù yìí."

Oṣù márùn-ún gbáko ni. Ní àràárọ̀, màá fi ọṣẹ dúdú àti kàn-ìn-kàn-ìn fọ ọwọ́ títí yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bó. Bí mo bá ti wálé nírọ̀lẹ́, màá fi òrí pa á. Ṣùgbọ́n mi ò gbọdọ̀ gbé òrí wọ ṣọ́ọ̀bù, torí pé òróró àti sátínì kì í ṣe ọ̀rẹ́; nítorí náà, màá tún fi páúdà nù ún kí n tó jáde. Èékánná mi kò gbọdọ̀ ju ẹran ìka lọ. Lọ́jọọjọ́ Jímọ̀, kí Àǹtí Rísì tó lọ kírun, wọ́n á mú àgékù mìíràn, wọ́n á fà á kọjá lọ́wọ́ mi, yóò dún, wọ́n á mi orí.

Nígbà tí màmá mi gbọ́, wọ́n ní kí n má fọwọ́ kan ata mọ́ láé. "Ata jẹ́ tèmi," wọ́n ní. "Ọwọ́ tìrẹ ti di ti aṣọ." Láti ọjọ́ náà lọ, àwọn nìkan ni wọ́n ń ṣa gbogbo rẹ̀. Ìgbà yẹn, ọmọdé ń ṣe mí, inú mi kàn dùn pé mo bọ́ lọ́wọ́ ata ni. Mi ò mọ bí ẹrù náà ṣe wúwo tó lórí wọn.

Nínú oṣù márùn-ún yẹn, kí ni mo ń ṣe? Mo ń gbálẹ̀. Mo ń tú aṣọ tí wọ́n rán tí kò dára. Mo ń rán bọ́tìnnì mọ́ àgékù àńkárá, màá sì tún já a. Bí ìrán kan bá wọ́, Àǹtí Rísì kò ní bú mi, wọn kò ní nà mí. Wọ́n á kàn fi ìka kan síbẹ̀, wọ́n á ní, "Tú u." Mo tú aṣọ débi pé mo ń gbọ́ "Tú u" lójú oorun. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ jẹun nínú ṣọ́ọ̀bù, kò gbọdọ̀ gbé àkàrà gba iwájú ilẹ̀kùn kọjá pàápàá. Oníbàárà kan wọlé lọ́jọ́ kan tòun ti ẹ̀pà lọ́wọ́. Àǹtí Rísì dìde, wọ́n kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, wọ́n sì bá a dúró sí ìta títí ó fi jẹ ẹ́ tán.

Ọjọ́ Jímọ̀ kan wá dé tí wọ́n fa àgékù náà kọjá lọ́wọ́ mi tí kò dún. Wọ́n tún un fà. Kò dún. Wọ́n gbé e sókè, wọ́n wò ó, gbogbo rẹ̀ ń dán bí omi. Inú mi dùn, mo ń retí kí wọ́n yìn mí.

"Ó dáa," wọ́n ní. "Ṣé o ti gbálẹ̀?"

Ìgbà yẹn ni wọ́n tó wá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ mi ní sátínì gan-an. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé irú òwú kan ni sátínì. Rárá o. Bí wọ́n ṣe hun ún ló ń jẹ́ sátínì. Wọ́n lè fi òwú ṣẹ́dà hun ún, wọ́n sì lè fi òwú tí ilé iṣẹ́ ṣe hun ún. Àǹtí Rísì ní, "Nínú aṣọ yòókù, òwú kan á gun orí ọ̀kan, á wọ abẹ́ ọ̀kan. Ti sátínì á fo mẹ́rin kó tó wọlẹ̀ lábẹ́ ọ̀kan."

Mo ní, "Ìyẹn ló ṣe ń dán. Òwú tó ń fò yẹn ló ń gba ìmọ́lẹ̀. Òun náà ló sì ṣe tètè ń fà, torí pé kò sí ohun tó dì í mú."

Àǹtí Rísì wò mí. "Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ?"

"Bàbá mi máa ń hunṣọ, mà."

Láti ọjọ́ náà, ẹ̀gbẹ́ wọn ni wọ́n ń fi mí jókòó sí.

Wọ́n kọ́ mi pé abẹ́rẹ́ tó tinrín jù ni kí n fi rán an, torí pé ihò tí abẹ́rẹ́ bá dá sí i kì í di mọ́. Wọ́n kọ́ mi pé mi ò gbọdọ̀ fi píìnì gún un láàárín, àfi etí tí ìrán máa bò. Wọ́n ní bí mo bá fẹ́ lọ̀ ọ́, kí n dojú rẹ̀ délẹ̀, kí n fi aṣọ mìíràn bò ó. Ṣùgbọ́n èyí tó ga jù nínú ẹ̀kọ́ wọn nìyí: wọ́n tẹ́ sátínì sórí tábìlì, wọ́n ní kí n fọwọ́ pa á láti òkè wá sísàlẹ̀, kí n tún pa á láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Wọ́n ní kí n rìn yí tábìlì náà po, kí n máa wò ó. Níbi tí mo dúró sí lápá ọ̀tún, àwọ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀. Nígbà tí mo dé òdìkejì, ó ṣókùnkùn.

"Sátínì ní orí, ó ní ẹsẹ̀," ni Àǹtí Rísì wí. "Bí o bá ń gé e, gbogbo orí lọ sókè, gbogbo ẹsẹ̀ wá sísàlẹ̀. Ìbáà ṣẹ́ ku díẹ̀, ìbáà má tó. O ò gbọdọ̀ dà á kodò."

Mo gbọ́. Mo gbọ́ dáadáa. Ìyẹn ni ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣe ń dùn mí títí di òní.

Ní ọdún kẹta mi, màmá mi yà wá kí mi ní ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ kan láti ọjà. Aṣọ ìyàwó kan wà lára igi ìfaṣọkọ́, sátínì tó nípọn, ó funfun bí ẹyin. Màmá mi dúró níwájú rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Wọ́n fẹ́ fọwọ́ kàn án, wọ́n rántí ata, wọ́n fa ọwọ́ sẹ́yìn. Wọ́n wá yí ọwọ́ padà, ẹ̀yìn ọwọ́ ni wọ́n fi kàn án, fẹ́ẹ́rẹ́.

"Ó tutù," wọ́n ní. "Ó tutù bí omi àmù." Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sì lọ.

Ọkàn mi kò kúrò lórí ẹ̀yìn ọwọ́ yẹn mọ́. Mo ní ohun tó bá gbà, màmá mi óò wọ sátínì.

Kò pẹ́ sí ìgbà náà ni ìjọ kan ní Kétu gbé iṣẹ́ aṣọ akọrin wá, mẹ́rìnlélógún, sátínì aláwọ̀ wáìnì. Wọ́n mọ̀ pé Mùsùlùmí ni Àǹtí Rísì, ṣùgbọ́n wọ́n ní kò sí ẹlòmíràn tí àwọn lè gbé aṣọ tó ń yọ̀ báyẹn fún. Ọjọ́ tí ó yẹ ká gé e ni wọ́n ránṣẹ́ pe Àǹtí Rísì láti Ìbàdàn pé ara ìyá wọn kò yá. Èmi ni mo dàgbà jù láàárín àwa ọmọ iṣẹ́. Wọ́n fi àlùmọ́gàjí lé mi lọ́wọ́, wọ́n lọ.

Mo tẹ́ aṣọ. Mo to ìwé tí a fi ń gé e sórí rẹ̀. Mo wá rí i pé bí mo bá da ìdajì àwọn ìwé náà kodò, kí orí ọ̀kan máa wọ ẹsẹ̀ èkejì, aṣọ máa ṣẹ́ kù. Kì í ṣe díẹ̀. Yáàdì mẹ́ta. Ó tó bùbá àti ìró fún obìnrin tí kò sanra.

Mo wò yíká. Mo ní, ta ló máa mọ̀? Mo dà á kodò.

Nínú ṣọ́ọ̀bù, lábẹ́ gílóòbù, kò sí ohun tó hàn. A rán an, a pa á létí. Àǹtí Rísì dé, ìyá wọn ti ń gbádùn, wọ́n yẹ ìrán wò, wọ́n ní ó dáa. Mo ti ká yáàdì mẹ́ta mi sínú páálí lábẹ́ ẹ̀rọ.

Ní Sátidé, olórí akọrin, Bùrọ̀dá Káyọ̀dé, kó àwọn èèyàn rẹ̀ wá láti wọ̀ ọ́ wò. Ó ku ọ̀sẹ̀ kan àti ọjọ́ kan kí wọ́n ṣe àjọ̀dún wọn. Ṣọ́ọ̀bù kò gbà wọ́n, wọ́n bá jáde síta. Oòrùn ọ̀sán dúró ṣánṣán. Mo gbọ́ tí obìnrin kan pariwo pé, "Yéè! Sister, iwájú yín dúdú, ẹ̀yìn yín pupa!" Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í yí ara wọn wò. Ẹlòmíràn, apá ọ̀tún rẹ̀ ń tàn, ti òsì ṣú. Kò sí ẹyọ kan nínú mẹ́rìnlélógún tó jẹ́ àwọ̀ kan ṣoṣo.

Bùrọ̀dá Káyọ̀dé ní, "Àǹtí, ṣé aṣọ méjì lẹ rán pọ̀ ni?"

Àǹtí Rísì jáde. Wọ́n di apá aṣọ kan mú, wọ́n yí i sọ́tùn-ún, wọ́n yí i sósì. Wọ́n gbójú sókè, wọ́n wò mí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

"Bùrọ̀dá, ẹ má bínú," wọ́n ní. "Ẹ̀bi ẹnikẹ́ni kọ́. Èmi ni mo gé e, mo sì gé e ní ìgékúgèé. Ẹ fi sílẹ̀ fún mi di Ọjọ́bọ̀."

Ọkùnrin náà bínú, ó sọ̀rọ̀ tó dun èèyàn, ó ní gbogbo òkìkí tí àwọn ń gbọ́ nípa ṣọ́ọ̀bù yìí, irọ́ ni. Àǹtí Rísì kúnlẹ̀. Àgbàlagbà obìnrin, létí títì, lójú àwọn tó ń kọjá. Nítorí mi.

Nígbà tí wọ́n lọ tán, Àǹtí Rísì ní kí àwọn ọmọ iṣẹ́ yòókù máa lọ sílé. Ó wá ku àwa méjèèjì.

"Níbo lo kó ìyókù sí?"

Mo fa páálí yọ.

"Ta lo fẹ́ rán an fún?"

"Màmá mi ni, mà."

Wọ́n ní, "Àṣàkẹ́, ẹni tó bá fẹ́ aṣọ fún ìyá rẹ̀, ẹnu ló fi ń bèèrè. Mo ní etí."

Ìbá sàn fún mi kí wọ́n nà mí.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, màmá mi kò kọ́kọ́ lọ ọjà. Wọ́n bá mi dé ṣọ́ọ̀bù, wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọn ò wọlé. "Àǹtí, ẹ ṣàánú mi, ẹ má lé e. Mi ò bèèrè aṣọ lọ́wọ́ rẹ̀ o, Ọlọ́run ń gbọ́ mi. Ata ni mo ń tà, kí ni mo fẹ́ fi aṣọ dídán ṣe?"

Àǹtí Rísì ń tú apá aṣọ kan lọ́wọ́, wọn ò gbójú sókè. "Ìyá Àṣàkẹ́, ta ló ní mo fẹ́ lé e? Bí mo bá lé e, ta ni yóò bá mi tú aṣọ mẹ́rìnlélógún?"

Ìṣòro wá ni pé títú nìkan kò tó. Kò sí aṣọ mìíràn láti fi gé òmíràn, bẹ́ẹ̀ ni ihò abẹ́rẹ́ ti hàn lójú dídán rẹ̀. Àǹtí Rísì gbé ègé kan jáde sínú oòrùn, wọ́n dúró pẹ̀lú rẹ̀, wọ́n ń yí i lọ yí i bọ̀. Wọ́n wá yí i dojú délẹ̀. Ẹ̀yìn sátínì yẹn kì í dán. Ó rí wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ó gbẹ. Wọ́n tún yí i kodò. Àwọ̀ rẹ̀ kò yí padà, ihò abẹ́rẹ́ kò sì hàn lójú rẹ̀. Wọ́n pè mí.

"Wá wò ó. Ẹ̀yìn rẹ̀ kò mọ orí yàtọ̀ sí ẹsẹ̀."

Bí a ṣe yí gbogbo rẹ̀ nìyẹn, ègé kọ̀ọ̀kan, ẹ̀yìn di ojú. Yáàdì mẹ́ta inú páálí la wá fi gé ọrùn fífẹ̀ àti etí ọwọ́, èyí tó ń dán, gbogbo orí lọ sókè, gbogbo ẹsẹ̀ wá sísàlẹ̀. Láti Sọ́ńdè dé ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, ìka mi wú. Nígbà tí àwọn akọrin tún wọ̀ ọ́ jáde sínú oòrùn, ara aṣọ náà ṣókùnkùn jẹ́jẹ́, ọrùn rẹ̀ wá ń kọ mànà yí ojú wọn ká. Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Kí oṣù tó parí, ìjọ méjì mìíràn ti wá pé irú rẹ̀ làwọn fẹ́.

Mo bi Àǹtí Rísì pé, "Kí ló dé tí ẹ fi sọ pé ẹ̀yin lẹ gé e?"

"Orúkọ ta ló wà lára pátákó ìta?"

Oṣù mẹ́ta gbáko ni wọn kò fi jẹ́ kí n fọwọ́ kan àlùmọ́gàjí. Ọjọ́ kan wá dé tí wọ́n dá a padà fún mi. Wọ́n kàn gbé e sí iwájú mi.

Mo gba òmìnira nídìí iṣẹ́ lẹ́yìn ọdún kan ààbọ̀ sí i, mo fẹ́ ọkọ, mo sì ṣí ṣọ́ọ̀bù tèmi ní Ìkòsì. Iṣẹ́ tí mo kọ́kọ́ rán níbẹ̀ ni bùbá àti ìró sátínì fún màmá mi, aláwọ̀ ewé, aṣọ tí mo fi owó ara mi rà. Ẹ wá wo màmá mi lọ́jọ́ tí wọ́n wọ̀ ọ́! Bùbá dúró, ṣùgbọ́n ìró kò dúró. Bí wọ́n bá ti rìn ìṣísẹ̀ mẹ́wàá, ó ti yọ̀ dé ìdí. Wọ́n ń rìn, wọ́n ń fà á, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. "Àṣàkẹ́, aṣọ yìí fẹ́ tú mi sí gbangba!" Mo ní láti rán okùn mọ́ ọn nínú. Ìgbà yẹn ni mo kọ́ ẹ̀kọ́ tí Àǹtí Rísì kò kọ́ mi: ohun tó dára lójú gbọ́dọ̀ ní ohun tó dì í mú lábẹ́. Màmá mi wọ aṣọ náà títí ọlọ́jọ́ fi dé, wọn kì í sì í wọ̀ ọ́ láìfi ẹ̀yìn ọwọ́ pa á.

Ọ̀rọ̀ irinṣẹ́, ẹ óò rẹ́rìn-ín. Áyọ́ọ̀nù èédú la fi bẹ̀rẹ̀. Kí o tó gbé e sórí sátínì, o óò kọ́kọ́ gbé e jáde, kí o fẹ́ eérú rẹ̀ dànù, kí o fi ọwọ́ díwọ̀n iná rẹ̀ légbẹ̀ẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ìpẹ́pẹ́ iná kékeré kan tó bá fò bọ́ sí i, aṣọ ti lọ. Ti iná mànàmáná dé, a yọ̀, ṣùgbọ́n iná kì í dúró. Lẹ́yìn náà la rí èyí tó ń fẹ́ ooru jáde, tí kì í tilẹ̀ fara kan aṣọ. Ẹ̀rọ alẹ́sẹ̀ ni mo fi kọ́ṣẹ́. Bí mo bá ń rán sátínì, màá gé ìwé pẹlẹbẹ kan sábẹ́ rẹ̀ kó má baà máa yọ̀, màá sì fà á ya lẹ́yìn náà. Nígbà tí mo ra ẹ̀rọ ńlá oníná, ó sáré ju ọkàn mi lọ. Ó ń súnkì aṣọ, ó ń jẹ ẹ́. Ọ̀sẹ̀ kan ni mo fi ń bá a jà kí n tó padà lọ fi ìwé pẹlẹbẹ sábẹ́ tòun náà. Bó ti lágídí tó, ó gbọ́ràn.

Àwọn tó ń lò ó náà yí padà. Tẹ́lẹ̀, aṣọ ìyàwó ni, aṣọ akọrin ni, inú kóòtù ni, ìbora ọmọ tuntun ni. Àwọn káfíńtà tó ń ṣe pósí máa ń wá bá mi kí n bá wọn rán èyí tí wọ́n ń tẹ́ sínú rẹ̀. Àwọn ọmọ iṣẹ́ mi máa ń bẹ̀rù, mo máa ń sọ fún wọn pé ẹni tí wọ́n fi sátínì gbà wọlé ayé, kí ló dé tí a ò ní fi sin ín jáde? Lẹ́yìn náà ni àwọn ọmọge òde òní dé pẹ̀lú fóònù wọn: fìlà ìsùn, àpò ìrọ̀rí. Wọ́n ní aṣọ òwú ń fa irun àwọn já, ó sì ń fa òróró inú rẹ̀ mu. Òtítọ́ ni wọ́n sọ. Irun kì í rí ohun dì mú lára sátínì. Mo rán fìlà ìsùn débi pé mo lè gé e láìwọ̀n.

Bí a bá ní ká sọ ọ́, ọmọ mi, iṣẹ́ yìí dára, ṣùgbọ́n kò mọ ìkánjú. Ojú mi ń ṣú, mo sì ti ń ronú bí màá ṣe fi sílẹ̀, nígbà tí ọmọ Àǹtí Rísì pè mí láti àdúgbò Anthony. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni Àǹtí Rísì ń gbé látìgbà tí àgbà ti dé. Ó ní àìsàn ń ṣe wọ́n, ìtọ́jú tí wọ́n ń gbà ní ọsíbítù sì ti gbọn irun orí wọn dànù pátápátá. "Ṣíkáàfù ń ha wọ́n lórí, Àǹtí. Wọn ò lè sùn. Wọ́n ní kí n má pè yín, mo kàn pè yín ni."

Mo rán fìlà sátínì kan, èyí tó rọ̀ jù nínú ṣọ́ọ̀bù, mo gbé e lọ. Wọ́n ti gbẹ, ojú nìkan ló kù. Mo dé e sí wọn lórí. Wọ́n mí kanlẹ̀, wọ́n ní, "Ó tù mí lára." Wọ́n yí orí lórí ìrọ̀rí, fìlà bọ́ sílẹ̀. Mo tún un dé. Ó tún bọ́. Sátínì ń yọ̀, orí tó pá ń yọ̀. Ohun méjì tó ń yọ̀ kì í di ara wọn mú.

Àǹtí Rísì wò mí. Ohùn wọn ti di tẹ́ẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò yí padà. "Tú u."

Mo padà sílé. Mo gé aṣọ òwú tó ti gbó, tó ti rọ̀, mo rán an yí etí fìlà náà ká nínú, kó lè di orí mú láìfún un. Lọ́jọ́ kejì, mo dé e sí wọn lórí, ó dúró. Wọ́n bọ́ ọ, wọ́n yí inú rẹ̀ síta, wọ́n gbé e súnmọ́ ojú.

"Ta ló rán inú ibí?"

"Èmi ni, mà."

"Abẹ́rẹ́ rẹ ti kújú." Wọ́n dé e padà, wọ́n yí ojú sí ògiri, wọ́n sì sùn. Ọmọ wọn bú sẹ́kún. Ó ní oorun ọ̀sán àkọ́kọ́ tí wọ́n máa sùn látọdún nìyẹn.

Mo rán mẹ́fà fún wọn, oríṣiríṣi àwọ̀. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni mo ń lọ bá wọn jókòó. Àwọn ọjọ́ kan wà tí wọn kò lè sọ̀rọ̀. Mo máa ń padà sí Ìkòsì láìmọ ẹni tí mo fẹ́ bá sọ ọ́.

Lẹ́yìn oṣù bíi mélòó kan, mo wà ní ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ Sátidé kan, mo ń kó àwọn nǹkan mi jọ, torí pé mo ti sọ fún àwọn oníbàárà pé mi ò gba iṣẹ́ mọ́. Mọ́tò kan dúró níta. Àǹtí Rísì sọ̀kalẹ̀, wọ́n fi ọ̀pá tilẹ̀, ọmọ wọn ń tẹ̀ lé wọn lẹ́yìn. Wọn kò kí mi. Wọ́n wọlé, wọ́n sọ fìlà kan sórí tábìlì mi.

"Àṣàkẹ́, kí lo rán fún mi yìí? Ó ń fún mi. Ó ń fún mi lórí gan-an. Ṣé o ti gbàgbé bí wọ́n ṣe ń wọn orí ni?"

Mo ní, "Àǹtí, fìlà yín ni mo rán, mo wọ̀n ọ́n—"

"Wọ̀n ọ́n lójú mi."

Wọ́n jókòó, wọ́n sì ṣí ìborí wọn. Irun wọn ti hù. Ó funfun, ó kún, ó rọ̀ bí òwú tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ̀n. Mo fi téèpù yí orí wọn ká. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo wọ̀n ọ́n, torí pé mi ò rí nọ́ńbà rẹ̀, omi ti kún ojú mi. Wọ́n jókòó jẹ́jẹ́ lábẹ́ ọwọ́ mi, wọn ò kánjú, wọ́n ń jẹ́ kí n wọ̀n ọ́n.

Mo tú fìlà náà. Mo fẹ̀ ẹ́ ní ìka méjì, mo rán an padà, mo dé e sí wọn lórí. Òun ni aṣọ tí mo rán kẹ́yìn.